Ẹ Má Pe Ìyá Àgbà Ní Ìyá Ẹgbẹ́ Yín

Ní ọjọ́ kẹjọ tí Ìyá Àgbà wa jáde láyé, bí àwọn àlùfáà ṣe ń parí àdúrà lágbàlá wa ní Kouloundè, ní ìlú Sokodé, mọ́tò funfun kan wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ya àwòrán kàǹdídà sí láyà. Ó ní kí wọ́n já ìrẹsì sílẹ̀, ó sì tọrọ mìkíró lọ́wọ́ àlùfáà. A rò pé ó fẹ́ kí wa kú ara fẹ́ra kù ni. Ó ní ọ̀gá òun tó fẹ́ díje nínú ìbò tó ń bọ̀ ló rán òun wá. Ó ní ẹni tó lọ yìí, ìyá ẹgbẹ́ wọn ni, ìyá tó fi ohùn rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Mo dìde. Àbúrò ìyá mi, Bùràímọ̀, di etí aṣọ mi mú.

"Jókòó, Ràfátù," ó wí. "Òkú kì í bá èèyàn jà."

Mo jókòó, ṣùgbọ́n inú mi ò bá mi jókòó. Òótọ́ ni, òkú kì í bá èèyàn jà. Àmọ́ òkú yìí bí ọmọ, ọmọ rẹ̀ ló sì bí èmi. Bí wọ́n bá fi ìrẹsì ra ẹnu gbogbo ilé, wọn ò tíì ra tèmi. Mi ò ní ka ayé Ìyá Àgbà láti ìbí dé ikú. Irú èèyàn tó jẹ́ ni mo fẹ́ sọ, kí ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn lè mọ̀ pé irọ́ ló gbé wá sórí òkú wa.

Àlímátù ni orúkọ rẹ̀. Kambolé ni wọ́n bí i sí, lọ́hùn-ún lẹ́bàá ààlà Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn èèyàn wa ti ń gbin iṣu àti àgbàdo. Ọkọ rẹ̀ ló mú un wá sí Sokodé, ọkọ náà kò sì pẹ́ láyé. Iṣẹ́ tó fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ni ilẹ̀ lílù. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì kò tíì pọ̀, bí ẹnìkan bá kọ́lé tán, yóò pe àwọn obìnrin wá láti lu ilẹ̀ ilé náà. Wọ́n á tò ní ìlà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa fi igi pẹlẹbẹ gbá amọ̀, wọ́n á máa wọ́n omi èèpo èso igi irú lé e lórí títí ilẹ̀ náà yóò fi máa dán bí àwo. Orin ló ń darí iṣẹ́ náà, Ìyá Àgbà ló sì ń dá orin. Bí ó bá lé e, gbogbo igi a balẹ̀ pọ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá yẹ̀, ilẹ̀ a gún régerège níhìn-ín, a sì ṣe kòtò lọ́hùn-ún.

Sìmẹ́ǹtì dé, ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn obìnrin náà di apọnmi fún àwọn bíríkìlà, wọ́n ń ru òkúta, wọ́n ń ru yanrìn. Ìyá Àgbà ṣì ni olórí wọn. Mo bá wọn lọ ní àwọn ọjọ́ tí kò sí ilé ẹ̀kọ́, mo sì rí ohun tí mò ń sọ. Bíríkìlà kan wà, ọ̀dọ́ ni, ó ń pariwo láti orí igi àkàbà: "Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ gbé omi wá! Ẹ̀yin obìnrin yìí!" Ìyá Àgbà sọ agbada omi rẹ̀ kalẹ̀, gbogbo ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà sì sọ tiwọn kalẹ̀. Oòrùn ń pa wá, sìmẹ́ǹtì ń gan lọ́wọ́ bíríkìlà.

"Kí ló dé?" ni bíríkìlà bèèrè.

Ìyá Àgbà ní, "Gbogbo wa la ní orúkọ. Pè wá, omi á dé."

Ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣi orúkọ pè, wọ́n ń tún un ṣe fún un, àwọn fúnra wọn ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ó ti máa ń sọ fún wa nínú ilé pé: "Ẹni tí o ò mọ orúkọ rẹ̀, má gbé ẹrù lé e lórí."

Ẹ má rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni o. Ìyá Àgbà le. Ìkòkò kan ni ìyá mi fọ́ tí àwọn méjèèjì kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ títí oṣù fi yọ. Ó máa ń bá rédíò jà. Bí asọ̀rọ̀ rédíò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí ka oríkì olórí orílẹ̀-èdè kó tó sọ ìròyìn, Ìyá Àgbà á bu obì jẹ, á ní, "A ti gbọ́. Òjò ńkọ́? Ṣé yóò rọ̀?" Kì í sì í tọrọ àforíjì, kódà nígbà tó bá mọ̀ pé òun ló jẹ̀bi. Yóò kàn bu ẹran tó tóbi sí ọ lábọ́. Ìwọ ni kí o mọ̀ pé wọ́n ti bẹ̀ ọ́.

Àwọn tó ń pè é ní ìyá ẹgbẹ́ kò parọ́ lórí ohun kan: ó kọrin fún wọn rí. Ta ni kò kọ ọ́? Láyé ìgbà náà, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà, èèyàn kan ṣoṣo ló wà lórí àga, àwòrán rẹ̀ sì wà lára ògiri gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀ ní Sokodé, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ yóò wá kó àwọn obìnrin níbi iṣẹ́, wọ́n á tò wọ́n sí etí títì láti òwúrọ̀, kí wọ́n máa jó, kí wọ́n máa kọrin. Ẹni tí kò bá wá, ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ lè di títì lọ́jọ́ kejì. Wọ́n fún wọn ní aṣọ tí wọ́n tẹ ojú olórí sí lára. Ìyá Àgbà ró tirẹ̀. Bí ó ṣe ró o, ojú àwòrán náà bọ́ sí ìdí rẹ̀ gan-an.

Ìyáàfin tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rí i, ẹ̀rù bà á. "Ìyá, ẹ ti jókòó lé olórí wa!"

"Aṣọ ni mo ró," ni Ìyá Àgbà dá a lóhùn. "Àbí èmi ni mo ní kí wọ́n ya orí èèyàn sí ara ohun tí a fi ń jókòó?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àmọ́ mo bi í nígbà tí mo dàgbà bóyá kò dùn ún pé ó kọ àwọn orin yẹn. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, "Ohùn mi ni wọ́n mú lọ. Èmi kò bá wọn lọ."

Nínú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, Sàfúrà ló sún mọ́ ọn jù. Ọmọ Tem, àwọn tó ni ìlú Sokodé, ni Sàfúrà, ó kéré sí Ìyá Àgbà dáadáa. Ọkọ rẹ̀ lọ sí Nàìjíríà, kò sì padà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, Ráliyà, ẹgbẹ́ mi. Apá ọ̀tún Ìyá Àgbà ni Sàfúrà máa ń dúró sí, òun ló máa ń gbe orin. Ó gùn, ó dúdú, ó fẹ́ràn láti múra. Kódà bó ń ru yanrìn, tìróò wà lójú rẹ̀.

Ọlọ́rọ̀ kan wà tó ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ọ̀nà tó lọ sí Tchamba. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ ó rí orúkọ tí àdúgbò sọ ọ́ láìpẹ́. Ó fẹ́ kí òrùlé gorí ilé kí ọdún Iléyá tó dé. Òjò sì ń rọ̀ lọ́dún náà bí ẹni ń dà á. Àwọn bíríkìlà sọ fún un pé ògiri kò tíì gbẹ, ó ní bí wọn ò bá lè ṣe é, àwọn tó lè ṣe é wà. Wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Sàfúrà bẹ̀rẹ̀ láti gbé agbada rẹ̀, ògiri náà sì wó lù ú.

Ọwọ́ ni àwọn obìnrin náà fi yọ ọ́. Inú mọ́tò ni ọlọ́rọ̀ náà wà lọ́jọ́ yẹn, ó wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà rí i. Ọlọ́rọ̀ náà gbé gíláàsì mọ́tò sókè, ó sọ nǹkan kan fún awakọ̀, wọ́n sì yí padà lọ. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi gbé Sàfúrà lọ sí ọsibítù. Ìbàdí rẹ̀ ti fọ́. Kò tún fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró mọ́ títí ayé.

Ilé náà parí. Wọ́n pa àgbò, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Ọlọ́rọ̀ náà kò wá bẹ Sàfúrà wò, kò rán ẹnikẹ́ni wá kí i. Kò tilẹ̀ bèèrè pé ta ló wà lábẹ́ ògiri. Ohun tó ká Ìyá Àgbà lára nìyẹn. Ó máa ń wí pé, "Bí àgbò bá kú lábẹ́ ògiri rẹ, ìwọ á bèèrè ẹni tó ni ín."

Ìgbà tó yá, wọ́n ní ẹgbẹ́ òṣèlú lè ju ẹyọ kan lọ báyìí, pé ará ìlú ni yóò yan ẹni tó bá wù ú. Ẹni tó wà lórí àga kò kúrò níbẹ̀ o, àmọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ wá ní láti máa bẹ̀ wá. Ṣé ẹ mọ̀ pé àdúgbò wa pọ̀ lérò: àwọn ọlọ́kadà, àwọn bíríkìlà, àwọn aláàárù, àwọn télọ̀, àwọn mẹkáníìkì, àwọn apọnmi. A ò ní nǹkan kan, àfi ìbò. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe fẹ́ràn wa lójijì!

Ta ni ẹgbẹ́ ńlá gbé sílẹ̀ láti wá tọrọ ìbò wa? Ọlọ́rọ̀ onílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn ni. Ó dé Kouloundè, ó gun ọ̀kadà, ẹnìkan ń yà á ní fọ́tò. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn alápatà, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn, wọ́n tún yà á. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ìlà iwájú ló wà ní mọ́ṣáláṣí. Ó jẹ iṣu sísun lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú àwọn aláàárù, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni, nígbà tó sì padà dé inú mọ́tò ó fi áńkáṣífù funfun nu ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fọwọ́ kan májèlé. Ibi yòówù tó bá dé, gbólóhùn kan náà ló ń sọ: "Ọmọ yín ni mí! Ẹ̀yin lẹ bí mi!" Báyìí ni àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Ọmọ-Yín. Ó ṣèlérí omi ẹ̀rọ fún wa, nítorí ó mọ̀ pé inú kàǹga ni a ti ń pọn omi, kàǹga náà sì ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn.

Àwọn èèyàn rẹ̀ wá bá Ìyá Àgbà nílé. Wọ́n fẹ́ ṣe ìpàdé ńlá lórí pápá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì mọ̀ pé bí ó bá dá orin, gbogbo obìnrin oníṣẹ́ á gbè é.

"Ìyá, ohùn yín nìkan la fẹ́," ni wọ́n wí.

Ìyá mi ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń retí kó lé wọn. Ìyá Àgbà bi wọ́n pé, "Ọjọ́ wo ni?" Wọ́n sọ ọjọ́ náà. Ó ní, "Ṣé mìkíró á wà?" Wọ́n ní yóò wà. Ó ní òun á wá.

Àdúgbò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní wọ́n ti rà á. Ìyá mi sunkún. Èmi náà bínú, mi ò kí i fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ìyá Àgbà ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ ìpàdé náà, èrò kún pápá. Ọmọ-Yín jókòó lábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́. Ni a bá rí àwọn obìnrin Ìyá Àgbà tí wọ́n ń bọ̀, àga kan wà léjìká wọn, Sàfúrà ló sì jókòó nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e la èrò kọjá, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ síwájú àtíbàbà. Àwọn èèyàn ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ìfẹ́ ló mú aláìsàn wá kí kàǹdídà.

Wọ́n gbé mìkíró fún Ìyá Àgbà. Èdè Tem ló fi sọ̀rọ̀, kí gbogbo pápá lè gbọ́.

"Kí n tó kọrin," ó wí, "mo fẹ́ bi ọmọ wa ní nǹkan kan. Ìwọ ọmọ wa, ta lẹni yìí?"

Ọmọ-Yín dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá mi ni! Gbogbo yín ni ìyá mi!" Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"A dúpẹ́. Kí ni orúkọ ìyá rẹ?"

Ó tún rẹ́rìn-ín. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ẹnìkan yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí i létí. "Ìyá Mèmúnà!" ló kígbe.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ìyá Àgbà ní, "Sàfúrà ni. Ògiri ilé rẹ ló wó lù ú. O wà nínú mọ́tò, o sì gbé gíláàsì rẹ sókè. Kí i."

Wọ́n pa mìkíró náà. Wọ́n ṣìṣe. Obìnrin tó ti fi ohùn borí ariwo igi lórí ilẹ̀ fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kí ni ó fẹ́ fi mìkíró ṣe? Ohùn rẹ̀ dé ojú títì.

"Ìyá rẹ lo pè é. Kí i! Kò sí ohun mìíràn tí a fẹ́ lọ́wọ́ rẹ lónìí. Kí i!"

Sàfúrà jókòó, ó gbé ojú sókè, ó ń wò ó. Gbogbo wa ń wò ó. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Ọmọ-Yín ì bá fi gba ara rẹ̀ là. Mo rò pé bó bá kí i lọ́jọ́ náà, a bá ti dárí jì í, a bá tilẹ̀ dìbò fún un. Àwa tálákà kì í pẹ́ dárí jini. Ṣùgbọ́n kò kí i. Ó ká agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó gba ẹ̀yìn àtíbàbà bọ́ sínú mọ́tò. Ẹnìkan hó yèè, ni gbogbo pápá bá gbè é.

Ọjọ́ kejì ni àwọn ṣàndáàmù, ọlọ́pàá oníbọn ti ìjọba, wá mú Ìyá Àgbà. Wọ́n mú un dúró síwájú ògiri tí àwòrán olórí wà, wọn ò jẹ́ kó jókòó. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé bàtà kò gbà á. A fi omi gbígbóná pa á lẹ́sẹ̀, ìyá mi ń bi í pé kí ni wọ́n fẹ́. Ó ní, "Wọ́n ní kí n tọrọ àforíjì. Mo ní lọ́wọ́ ta? Kò sí nínú wọn ẹni tó lè dárúkọ Sàfúrà."

Wọ́n lé Bùràímọ̀, àbúrò ìyá mi, kúrò níbi iṣẹ́ awakọ̀ tó ń ṣe lọ́fíìsì ìjọba. Ọmọ mẹ́rin ló ní nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bá a jà nígbà tó fa aṣọ mi lọ́jọ́ kẹjọ. Ó ti fi iṣẹ́ rẹ̀ san gbèsè ọ̀rọ̀ yẹn rí. Kí èmi tí mi ò san nǹkan kan má ṣe pè é ní ojo.

Ìbò dé, wọ́n kà á bó ṣe wù wọ́n, wọ́n ní Ọmọ-Yín ló wọlé. Omi ẹ̀rọ lọ sí àdúgbò mìíràn. Ẹ gbọ́ o: àwọn tó ń pe ara wọn ní ọmọ wa mú omi lọ lẹ́nu odindi àdúgbò nítorí pé obìnrin kan ní kí wọ́n kí aláìsàn! Ohun tó sì burú jù níbẹ̀ ni pé àwa fúnra wa bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wa jà. Àwọn kan sá kúrò nínú ẹgbẹ́ apọnmi Ìyá Àgbà, nítorí àwọn kan tó ń kọ́lé kò gbà á mọ́. Ní ẹnu kàǹga, ní ọjọ́ tí omi di ẹrẹ̀, obìnrin aládùúgbò wa kan sọ fún mi lójú gbogbo èèyàn pé, "Ẹnu ìyá ìyá rẹ ló gbẹ omi wa."

Mo fẹ́ lù ú. Ìyá Àgbà wà lẹ́yìn mi, ó gba korobá lọ́wọ́ mi. "Má bá a jà," ó wí. "Òùngbẹ ló ń sọ̀rọ̀."

Àwọn ará Kambolé náà kò fi í sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Bàbá Lásísì, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó ń bá ọba jókòó, wọ mọ́tò wá láti ibẹ̀, eruku ọ̀nà Tchamba pọ́n ọn lórí débi pé fìlà rẹ̀ yí àwọ̀ padà. Ó ní wọ́n ti ṣèlérí ọ̀nà fún Kambolé, ọ̀nà tí ọkọ̀ á fi lè kó iṣu jáde nígbà òjò. Ó ní bí Ìyá Àgbà kò bá lọ bẹ Ọmọ-Yín, wọn ò ní ṣe ọ̀nà náà.

"Àlímátù, ìwọ nìkan lo fẹ́ ba ti gbogbo ìlú jẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá jẹ́ èmi ni ògiri wó lù, ta lẹ óò lọ bẹ̀?"

"Ìyẹn kọ́ la ń sọ."

"Ìyẹn gan-an la ń sọ."

Ó dìde, kò mu omi tí a gbé fún un. Ọdún gorí ọdún, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà iṣu tuntun, àwọn ará Kambolé tó ń bọ̀ wá sí ọjà Sokodé á bá wa gbé iṣu ti gbogbo mọ̀lẹ́bí wá, ti Bàbá Lásísì kì í sí níbẹ̀. Ìyá Àgbà á ka iṣu náà, á wo ẹnu ọ̀nà, á sì wọlé. Kò bú u rí lójú wa.

Ìgbà tí àìsàn gbé Bàbá Lásísì dè, Ìyá Àgbà ní kí n sin òun lọ. Àsìkò òjò ni. Mọ́tò wa rì sínú ẹrẹ̀ kí a tó dé, a bọ́ sílẹ̀, a gba orí koríko rìn wọ ìlú. Ó wọ yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n bèèrè ara àwọn ọmọ. Bàbá Lásísì wo ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ pẹ́ títí. Ó wá ní, "Wọn ò ṣe ọ̀nà náà." Ìyá Àgbà ní, "Mo rí i." Ohun tí wọ́n fi parí ìjà nìyẹn.

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé, òun ló sì mú inú mi gbóná jù nígbà tí ọmọkùnrin yẹn gba mìkíró lórí òkú wa. Ìbò mìíràn ń bọ̀. Mo ti di olùkọ́ ní Tchamba nígbà náà, mo wá lo ìsinmi nílé. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mọ́tò kékeré kan dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, Ọmọ-Yín sì jáde nínú rẹ̀. Kò kó èrò lẹ́yìn, kò sí ayafọ́tò. Ó ti sanra, irun rẹ̀ ti funfun. Ó jókòó lórí ẹní bí ọmọlúàbí.

"Ìyá, mo wá bẹ̀ yín," ó wí. "Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Ẹ foríjì mí. Àdúgbò yìí kò tíì gbàgbé, tiyín ni wọ́n ń gbọ́."

Ìyá Àgbà jẹ obì rẹ̀ tán kó tó fọhùn. "Èmi kọ́ ni ògiri wó lù. Wo ilẹ̀kùn búlúù yẹn lápá ibẹ̀. Ilé Sàfúrà nìyẹn. Bí o bá ti ibẹ̀ bọ̀, a lè sọ̀rọ̀."

Ó wo ilẹ̀kùn náà. Ó ní, "Mò ń lọ síbẹ̀ báyìí, Ìyá."

Mo rí i pé ara Ìyá Àgbà rọ̀. Ó gbà á gbọ́. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ràfátù, yára lọ sọ fún Sàfúrà kó múra. Àlejò rẹ̀ ń bọ̀."

Mo sáré. Èmi àti Ráliyà, ọmọ rẹ̀, nu Sàfúrà lára, a wọ aṣọ tó ń fi ṣọdún fún un, a wé gèlè fún un. Ó ní kí a lé tìróò sí òun lójú. Ó ní kí a gbé ike tó fi ń tọ̀ kúrò nílẹ̀, kí a fi aṣọ bo ọ̀pá tó fi ń fa nǹkan mọ́ra. A gbé e sórí àga, a kọjú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ó bi mí pé, "Kí ni màá dá a lóhùn bó bá kí mi?" Mo tún etí gèlè rẹ̀ ṣe.

A gbọ́ tí mọ́tò gbéra. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dé ọ̀gangan ilẹ̀kùn búlúù náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Mo rí ojú Ọmọ-Yín nínú rẹ̀, ó ń wò wá, ó rí Sàfúrà pẹ̀lú aṣọ ọdún lára. Ó gbé gíláàsì sókè. Mọ́tò náà kọjá, ó já sí títì, ó lọ.

Ìyá Àgbà fẹsẹ̀ rìn dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò lè wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ṣé ó ti lọ?" ni Sàfúrà bi í.

"Ó ti lọ."

Mo bú sẹ́kún. Inú ń bí mi débi pé mo fẹ́ sọ òkúta tẹ̀lé e. Ráliyà na ọwọ́ láti tú gèlè lórí ìyá rẹ̀, kó lè tún un dùbúlẹ̀.

"Fi í sílẹ̀," ni Sàfúrà wí. "Ẹ gbé mi síta."

A gbé àga náà sẹ́nu ọ̀nà, a gbé e sí eteetí ọ̀nà gan-an. Ìyá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ti ibi iṣẹ́ bọ̀: àwọn aláàárù, àwọn obìnrin tó ru agbada, àwọn ọlọ́kadà, wọ́n ń kí i bí wọ́n ṣe ń kọjá. Bíríkìlà kan tí sìmẹ́ǹtì ṣì wà lápá rẹ̀ dúró, ẹnu yà á, ó wo aṣọ, ó wo gèlè, ó wo tìróò.

"Sàfúrà," ó wí, "ọdún ti dé ni?"

"Ó ti dé," ni Sàfúrà dá a lóhùn.